Gíga ọmọ ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ọjọ́ orí: ohun tí ojú wa rí lórí sláìdì omi inú ọkọ̀ ìgbafẹ́

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń gbèrò láti kó àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ orí òkun, ẹ dákun, ẹ wọn ọmọ yín kí ẹ tó sanwó. Ọjọ́ orí kọ́ ló máa gbé ọmọ dórí sláìdì omi, bó ṣe ga tó ni. Ọ̀pá ìwọ̀n wà lẹ́nu àtẹ̀gùn, òun ni òṣìṣẹ́ máa kọ́kọ́ gbé ti ọmọ lára kí ẹnikẹ́ni tó béèrè nǹkan mìíràn.

Houston là ń gbé, èbúté Galveston kò sì jìnnà sí wa, ibẹ̀ la ti wọkọ̀. Èmi àti bàbá àwọn ọmọ, màmá mi tó wá kí wa láti Ìbàdàn, ọmọkùnrin wa tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, àti àwọn ìbejì, obìnrin méjèèjì, ọmọ ọdún márùn-ún. Ọkọ̀ náà gbé wa dé Cozumel ní ilẹ̀ Mẹ́síkò, ó sì gbé wa padà. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ni ín, mi ò sì ní dárúkọ ẹni tó ta tíkẹ́ẹ̀tì fún wa, torí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lè ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá wọ ọkọ̀ èyíkéyìí.

Lórí oúnjẹ àti yàrá, mi ò ní ẹjọ́ kankan. Wọ́n ń tún yàrá ṣe lójoojúmọ́, ìrẹsì wà, ata wà fún ẹni tó bá béèrè, màmá mi sì rí ibi tó pa rọ́rọ́ jókòó sí wo òkun. Ọ̀rọ̀ sláìdì ló wà lọ́kàn mi, nítorí òun gan-an la bá lọ. Láti ìgbà tí bàbá wọn ti fi fídíò rẹ̀ han àwọn ọmọ ni wọn ò ti jẹ́ ká sinmi mọ́.

Nígbà tí à ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹni tó ń bá wa ṣe é lórí fóònù gba ọjọ́ ìbí gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo bi í bóyá àwọn ìbejì á lè gun sláìdì ńlá. Ó ní ọmọ ọdún márùn-ún ti tó bẹ́ẹ̀, kí n má ṣèyọnu. Mo ní mo ti wọn wọ́n nílé, pé Kẹ́hìndé ti lé díẹ̀ ní 42 íǹṣì, ṣùgbọ́n Táyé kò tíì pé e. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní wọn kì í le tó bẹ́ẹ̀ lórí ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí dòní. Ká ní ó kàn sọ òótọ́ ni, à bá mú ọkọ̀ mìíràn, tàbí ká sún ìrìn àjò náà síwájú. Ojú ìwé tí wọ́n fi ń polówó kún fún àwòrán ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín nínú omi, ìsàlẹ̀ pátápátá ni iye íǹṣì wà, pẹ̀lú lẹ́tà kéékèèké. Bí wọ́n bá lè béèrè ọjọ́ ìbí ọmọ, kí ló dé tí wọn ò lè béèrè bó ṣe ga tó?

Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀. Lọ́dọ̀ Carnival, 42 íǹṣì, ìyẹn nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 107, ni ọmọ gbọ́dọ̀ ga kó tó lè gun ọ̀pọ̀ àwọn sláìdì ńlá ibi tí wọ́n ń pè ní WaterWorks. Lọ́dọ̀ Royal Caribbean, àwọn sláìdì Perfect Storm ń fẹ́ 48 íǹṣì, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 122. Ọkọ̀ Disney Dream, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2011, àti Disney Fantasy ní 2012, ní sláìdì tí wọ́n ń pè ní AquaDuck. Orí rọ́bà tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí lèèyàn ń jókòó, omi á sì máa tì í lọ nínú páìpù tó gùn tó 765 ẹsẹ̀ bàtà, tó tún yọ síta kọjá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ sórí òkun. 42 íǹṣì ni tiẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò bá tíì ga tó 54 íǹṣì kò lè dá gùn ún. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 7, ẹni tó ti pé ọdún 14 gbọ́dọ̀ bá a jókòó. Àwọn ọkọ̀ méjèèjì yìí tún ní sláìdì kékeré kan, ti Mickey, fún ọmọ ọdún 4 sí 14 tó ti ga tó 38 íǹṣì. Ẹni tó bá ti ga ju 64 lọ, wọn ò ní jẹ́ kó gùn ún. Inú mi dùn sí èyí, nítorí ó fi hàn pé ẹnì kan jókòó ro ti àwọn tó wà láàrin.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé e sórí ọmọ. Ọmọ ọdún 4 tí ìdàgbàsókè rẹ̀ wà láàrin máa ń ga tó nǹkan bí 40 íǹṣì, ọmọ ọdún 5 á tó 43, ọmọ ọdún 7 á tó 48. Nítorí náà, ọkọ̀ tó ní òfin 42 àti èyí tó ní òfin 48, ó lé ní ọdún méjì nínú ayé ọmọ ló wà láàrin wọn. Ẹni tó bá san owó gọbọi torí sláìdì, tó sì kó ọmọ ọdún márùn-ún lọ sí ibi òfin 48, ó dájú pé ìsàlẹ̀ lọmọ rẹ̀ máa dúró sí tí á máa wo àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Òfin 42 ni ọkọ̀ tiwa ń lò. Ẹ̀gbọ́n wọn kọjá láìsí wàhálà. Kẹ́hìndé dúró, wọ́n so báńdì mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó kan Táyé. Mo ti di ṣùkú fún àwọn méjèèjì kí a tó kúrò nílé, ṣùkú náà sì ga dáadáa. Òṣìṣẹ́ náà, ọmọkùnrin kan tó níwà pẹ̀lẹ́, ní kí Táyé bọ́ bàtà, ó ní kó fi ẹ̀yìn ti ọ̀pá, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ṣùkú náà mọ́lẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ fi kan agbárí. Ọwọ́ náà wà lábẹ́ ìlà. Táyé na ọrùn, ó na gìgísẹ̀, ọkùnrin náà sì rọra fọwọ́ kan gìgísẹ̀ rẹ̀ kó lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Màmá mi súnmọ́ ọn, wọ́n fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó dá wọn lójú pé ó gbọ́: “Ọmọ mi, ìbejì ni wọ́n. A kì í ṣe fún Táyé ká má ṣe fún Kẹ́hìndé.” Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Òṣìṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ojú rẹ̀ wá bá ti Táyé dọ́gba, ó bẹ̀ ẹ́, ó bẹ Màmá, ó sì dúró lórí òfin rẹ̀. Kẹ́hìndé wá bẹ̀rẹ̀ sí í fa báńdì ọwọ́ rẹ̀, ó fẹ́ bọ́ ọ fún Táyé. Nígbà tí kò bọ́, ó ní òun náà kò gùn mọ́. Àwa méjèèjì, ìyá àti bàbá, ń wo ara wa lórí àtẹ̀gùn níbẹ̀, ìlà sì ti gùn lẹ́yìn wa.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí gbogbo òbí gbọ́ èyí: ohun tí ọmọkùnrin yẹn ṣe dára. Nínú sláìdì tó dà bíi páìpù, ẹ̀yìn lèèyàn fi ń sùn, á ká apá mọ́ àyà, á sì fi ẹsẹ̀ lé ara wọn. Ọmọ tí kò lè di ara rẹ̀ mú bẹ́ẹ̀ á yí, orí rẹ̀ á máa lu ẹ̀gbẹ́. Ọmọ tó fúyẹ́ jù lè há sáàárín ọ̀nà, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á sì wá kọlù ú. Bàbá wọn tiẹ̀ béèrè bóyá òun lè gbé Táyé lé itan. Wọ́n ní rárá, inú mi sì dùn pé wọ́n kọ̀. Orí sláìdì gbígbẹ ní pápá ìṣeré lásán, àwọn dókítà ti ń kìlọ̀ fún àwọn òbí pé ẹsẹ̀ ọmọ tó wà lórí itan àgbà lè há sí ẹ̀gbẹ́, kí ìwúwo àgbà tó ń sáré bọ̀ sì ṣẹ́ egungun rẹ̀. Mélòómélòó wá ni ibi tí omi ti ń tini.

Ohun tí mo bá ọkọ̀ náà wí ni pé òfin kò rí bákan náà lọ́wọ́ gbogbo òṣìṣẹ́. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹni tó wà lẹ́nu sláìdì kejì kò fọwọ́ kan irun rárá. Ó kàn wo ṣùkú Táyé lókèèrè, ó sì juwọ́ pé kó máa gòkè. Bàbá wọn ló fà á padà. Ẹkún tó sun lọ́jọ́ yẹn ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí òyìnbó ti ní kó lọ, bàbá rẹ̀ ló ní kó má lọ. Òfin tó dá lórí ẹ̀mí ọmọ kò yẹ kó yí padà pẹ̀lú ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́. A fi tó ọ̀gá wọn létí, ó dúpẹ́, nígbà tó sì di ọ̀sán, mo rí i pé ẹnì kan ti lọ kọ́ ẹni yẹn bí wọ́n ṣe ń wọn ọmọ.

Ìsàlẹ̀ ní ibi ìṣeré omi àwọn ọmọdé ni Táyé àti Kẹ́hìndé pàpà ti gbádùn ara wọn. Sláìdì kúkúrú méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níbẹ̀, garawa ńlá kan sì wà lókè tó ń da omi lé wọn lórí. Wọ́n ń sáré ìje, Màmá ń ṣe adájọ́. Kẹ́hìndé gba láti gun èyí tó tóbi lẹ́yìn tí Táyé fúnra rẹ̀ ní kó lọ, kó wá ròyìn fún òun. Ẹ tún fi sọ́kàn pé bí atẹ́gùn bá le, wọ́n ń ti gbogbo sláìdì òkè pa. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún wa lọ́jọ́ kan lójú agbami, nítorí náà ẹ má fi í sí ìparí ìrìn àjò.

Bí ẹ bá fẹ́ wọn ọmọ nílé, ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, torí èèyàn máa ń ga díẹ̀ láàárọ̀ ju alẹ́ lọ. Ẹ jẹ́ kó wà láìwọ bàtà, kí gìgísẹ̀ kan ògiri, ẹ fi ìwé líle lé e lórí kó tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ sàmì sí ògiri, kí ẹ wá fi tépù téló wọ̀n ọ́n. Iye tí ẹ bá rí lálẹ́ yẹn ni kí ẹ gbára lé. Ní ti irun, kòlẹ́sẹ̀ tàbí ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ ló dára jù, kì í jẹ́ kí ọmọ ní ìrètí asán, omi kì í sì í tètè tú u. Ẹ má fi ìlẹ̀kẹ̀ sí i.

Ọmọ tó kúrú jù nínú ilé ni kí ẹ fi yan ọkọ̀. Bí ó bá wà láàrin 38 sí 41, ẹ wá ọkọ̀ tó ní sláìdì àwọn tó wà láàrin. Bí ó bá ti lé 42, ọ̀nà ti là díẹ̀. Bí àwọn ọmọ yín bá ti ga ju 48 lọ, ẹ lọ síbi tó wù yín. Ẹni tó bá máa dúró ní erékùṣù CocoCay ti Royal Caribbean ní Bahamas, owó ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbà fún ọgbà omi ńlá tó wà níbẹ̀, sláìdì Daredevil's Peak tó ga tó 135 ẹsẹ̀ bàtà sì wà nínú rẹ̀. 48 íǹṣì ni wọ́n ń béèrè lórí sláìdì yẹn. Ẹ má san án fún ọmọ tí kò tíì tó o. Ibi ìṣeré omi Splashaway Bay ní erékùṣù kan náà wà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣì ń lo páḿpàsì, kódà èyí tí wọ́n ṣe fún omi, àwọn ọkọ̀ tó ń gbéra láti Amẹ́ríkà kò ní jẹ́ kó wọ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tàbí sláìdì, nítorí òfin ìmọ́tótó tí CDC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dènà àrùn, ń fi yẹ̀ wọ́n wò. Ibi kékeré tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn ìkókó nìkan ló lè lò, kì í sì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló ní in. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín.