Ibùdó tí mò ń ta wàrà fún: ohun tí wọ́n ń ṣe dáadáa, àti owó tí kì í dé bọ̀rọ̀

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Ó wù mí kí n fún wọn ní márùn-ún.

Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ni ibùdó náà. Òkè-Ògùn ni wọ́n wà, ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń gbé wàrà lọ bá wọn. Ní oṣù keje 2019, Báńkì Àpapọ̀ kéde pé òun ò ní fún àwọn tó ń kó mílíìkì wọlé ní dọ́là mọ́. Mo gbọ́ ọ lórí rédíò, mo sì sọ fún ọkọ mi pé ó tó àkókò kí wàrà ilé wa náà lówó lórí. Owó ìfẹ̀yìntì mi ni mo fi ra màálù. Mẹ́rìnlá ni wọ́n báyìí, méje nínú wọn là ń fún wàrà lára wọn: mẹ́fà jẹ́ Fúlàní funfun, ọ̀kan jẹ́ àdàlù Friesian, màálù òyìnbó. Bí òjò bá rọ̀ tí koríko wà, mo máa ń rí lítà mẹ́rìndínlógún láàárọ̀. Bó bá di ẹ̀ẹ̀rùn, tí mo bá rí mẹ́sàn-án, mo dúpẹ́.

Kí n kọ́kọ́ yìn wọ́n. Kí wọ́n tó dé, bó bá fi máa di ọ̀sán, wàrà ọjọ́ náà á ti máa kan. Bí a ò bá tètè fi ewé bọmubọmu sè é kó di wàràǹkàṣì, dídànù ni. Ibùdó yìí ní táǹkì ńlá tó ń mú wàrà tutù dé dìgírì 4, sólà ló ń gbé e, jẹnẹrétọ̀ sì wà ní ìkáwọ́. Wàrà tí wọ́n bá ti gbà lọ́wọ́ mi, wọn ò pè mí padà rí pé ó bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìyẹ̀wò wá ńkọ́? Wọ́n á kọ́kọ́ po wàrà díẹ̀ mọ́ sípíríìtì, iye kan náà. Bó bá dì, wọn ò ní gbà á. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á bu òmíràn sínú ife gíláàsì gígùn tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á sì ti lactometer bọ̀ ọ́. Gíláàsì kékeré tó ní òjé nídìí ni, ó máa ń léfòó, ibi tí ojú wàrà bá gé e dé ni wọ́n ń kà. 28 sí 32 ni wọ́n ń fẹ́. Bí kò bá tó 28, wọ́n á ní ẹ bomi là á.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, 26 ló kà fún mi. Ọmọkùnrin tó ń yẹ̀ ẹ́ wò gbójú sókè, ó ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú, omi wà nínú wàrà yín." Lójú gbogbo èèyàn! Èmi tí mo jókòó ti màálù láti aago márùn-ún, tí mo fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì. Mo fọwọ́ kan kẹ́ẹ̀gì, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo ní, "Ọmọ mi, wàrà tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kì í kà bíi ti tútù. Mú témómítà wá." Dìgírì 33 ni. Wọ́n sì kọ ọ́ sára lactometer yẹn pé dìgírì 20 ni wọ́n ṣe é fún. Dìgírì kọ̀ọ̀kan tó bá lé, èèyàn ní láti fi 0.2 kún un. Mẹ́tàlá ló fi lé, 2.6 nìyẹn, àròpọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 28.6. Dókítà ẹran tó ń tọ́jú màálù mi ló kọ́ mi. Ọmọ náà ṣírò ó lórí fóònù rẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà," ó sì gbà á. Ṣùgbọ́n ìyá Fúlàní tó tò sẹ́yìn mi ti gbé lítà mẹ́fà padà sílé lọ́sẹ̀ tó ṣáájú nítorí ohun kan náà. Ta ló máa bá a ṣírò tiẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìnáwó. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí náírà sì já wálẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀ lé e, kò sí ohun tí màálù ń jẹ tí kò gbówó lórí. Ọ̀kadà tó ń bá mi gbé kẹ́ẹ̀gì kúrò ní 500, ó di 1,500. Àpò èèrí àlìkámà kúrò ní 4,500, ó di 11,000. Ibùdó náà fi owó kún lítà, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn: láti 250 dé 520. Àmọ́ nígbà yẹn, lítà 18 ló ń ra àpò èèrí kan. Lónìí, lítà 21 kò rà á tán.

Inú èyí la wà tí wọ́n yí ètò owó padà. Tẹ́lẹ̀, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ń ka owó lé wa lọ́wọ́, iye lítà nìkan ni wọ́n sì ń wò. Ní báyìí, ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ni, inú báńkì ló ń wọ̀, wọ́n sì ń fi ọ̀rá àti ìmọ́tótó wàrà pín wa sí A, B àti C. Mo fara mọ́ ìpín yìí tọkàntọkàn. Wàrà Fúlàní funfun lọ́ràá ju ti Friesian lọ, ó sì ti pẹ́ tí a ti ń gba owó kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń bomi la tiẹ̀. Ṣùgbọ́n álẹ́ẹ̀tì nìkan ni mò ń rí. Mo wà ní A fún oṣù méjì, mo bọ́ sí B, kò sì sí ìwé kankan tó sọ iye ọ̀rá tí wọ́n bá nínú wàrà mi. Kí ni kí n wá tún ṣe? Ṣé koríko ni kí n fi kún un ni, àbí kẹ́ẹ̀gì ni mi ò fọ̀ dáadáa? Ẹni tó ń ta èèrí fún mi kò sì gba àwìn. Ibùdó fúnra wọn ń fúnni ní èèrí láwìn, 12,500 ni àpò tiwọn, wọ́n á yọ ọ́ kí owó tó dé ọwọ́ èèyàn.

Èyí tó dùn mí jù ni ti àwọn ìyàwó darandaran. Láàárín àwọn Fúlàní, bí ọkùnrin bá tilẹ̀ ni màálù, obìnrin ló ni owó wàrà. Òun ni wọ́n fi ń ra iyọ̀, ọṣẹ àti aṣọ ọmọ. Ní ọjọ́ Jímọ̀, mo máa ń rí wọn tí wọ́n ń so ó mọ́ etí ìró. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní NIN, kí a tó wá sọ BVN, àkáǹtì ọkọ ni owó náà ń gbà báyìí. Ọ̀kan sọ fún mi pé, "Ìyá, mi ò tíì fojú rí owó wàrà mi láti oṣù méjì." Mo ti lọ bá ọ̀gá ibùdó lẹ́ẹ̀mejì lórí rẹ̀. Ó gbọ́ mi tẹ̀sọ̀tẹ̀sọ̀, ó ní òun á kọ̀wé sí olú ilé iṣẹ́.

Lítà mẹ́wàá ni mo ṣì ń gbé lọ. Èyí tó bá kù, ìyàwó darandaran mi ń sè é ní wàràǹkàṣì, ó ń tà á ní gáréèjì, a sì ń pín owó rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Bí ẹ bá fẹ́ lọ sí ibùdó náà, ẹ débẹ̀ kó tó di aago mẹ́jọ, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì yín sínú omi tútù kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì mú témómítà tiyín dání.