Colt 1873 àbí Remington 1858: èwo ni kí ẹ kọ́kọ́ rà?

Ẹni tó bá fẹ́ máa kó ìbọn ìléwọ́ ayé kọ́bọ́ì jọ ní Amẹ́ríkà, méjì ni ojú rẹ̀ sábà máa ń lọ sí: Colt Single Action Army ti 1873, àti Remington New Model Army tí gbogbo èèyàn ń pè ní 1858. Mo ti ra méjèèjì rí. Ọ̀kan ṣì wà nílé.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ná. 1858 kì í ṣe ọdún tí wọ́n rọ Remington. Ọjọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí àrà tó wà lára rẹ̀ ni, September 14, 1858, òun ni wọ́n tẹ̀ sórí ọ̀pá ìbọn náà. Láti 1863 títí di nǹkan bí 1875 ni wọ́n rọ New Model Army ní Ilion, ìpínlẹ̀ New York, ó sì lé ní 100,000. Bí ọlọ́jà bá búra fún yín pé 1858 gan-an ni wọ́n rọ tòun, ẹ rọra dá owó padà sápò.

Ní ti òfin, Remington ò ní wàhálà. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti 1968 ka ìbọn tí wọ́n rọ ní 1898 tàbí ṣáájú rẹ̀ sí ohun àtijọ́, gbogbo Remington yìí ló sì bọ́ síbẹ̀. Wọ́n ń rọ Colt ti ìran àkọ́kọ́ ní tiẹ̀ lọ títí di nǹkan bí 1940. Èyí tó bá jáde lẹ́yìn 1898, bí ẹ bá ń rà á láti ìpínlẹ̀ míì, ó gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ oníṣòwò tó ní láísẹ́ǹsì. Ẹ yẹ nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ wò, òun ni wọ́n fi ń mọ ọdún tí wọ́n rọ ọ́, kí ẹ sì wo òfin ìpínlẹ̀ tiyín. Ẹ̀yin tó ń ronú àtigbé e lọ fún bàbá yín tó jẹ́ ọdẹ nílé, òfin 1968 yẹn kì í bá èèyàn wọ bàlúù.

Yíyin ńkọ́? Èmi kì í yin wọ́n. Bó bá di dandan, ẹ̀tù dúdú nìkan. Nǹkan bí 1900 ni Colt tó fọwọ́ sọ̀yà fún ẹ̀tù aláìléèéfín. Bí wọ́n ṣe ń ki Remington kò ní ṣàjèjì sí ẹni tó bá ti rí ọdẹ tó ń ki ṣakabùlà.

Bí a bá gbé e lọ́wọ́, Colt ló dùn jù. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Àwọ̀ ara irin wá kù, ibẹ̀ sì ni owó mi ti jóná. Mo rí Colt kan ní ọjà ìbọn kan ní Texas. Dúdú rẹ̀ ń dán bíi dígí, ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì márùn-ún àtààbọ̀. Ọlọ́jà ní inú àpótí ìyá àgbà kan ló wà látọjọ́ yìí. Mo ka $4,200 lé e lọ́wọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo gbé e fún bàbá òyìnbó kan tó ti ń kó Colt jọ kí wọ́n tó bí mi. Kò tilẹ̀ mú awò. Ó pajú dé, ó fi èékánná fa orí lẹ́tà Hartford, ìlú tí ilé iṣẹ́ Colt wà, tó wà lórí ọ̀pá náà, ó ní, "Wọ́n ti fọ̀ ọ́."

Nígbà tí wọ́n bá tẹ lẹ́tà sára irin nílé iṣẹ́, etí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan máa ń wú díẹ̀, èékánná á sì mọ̀ ọ́n lára. Bí ẹnì kan bá gbé irin náà lọ sídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dán nǹkan, wíwú yẹn ló kọ́kọ́ ń lọ. Àwòrán orí íńtánẹ́ẹ̀tì kò lè fi hàn yín láéláé. Bàbá náà ní kí n wo ihò síkúrù: etí wọn ti rì bíi àwo ọbẹ̀. Igun tó yẹ kó mú ti di róbótó. Férémù Colt ayé ìgbà yẹn, ìyẹn irin àárín tó gbé ọ̀pá àti ìdìmú, bí wọn kò bá fi níkẹ́ẹ̀lì bò ó, inú egungun àti èédú ni wọ́n ti ń fi iná sè é, ìdí nìyẹn tó fi máa ń ní búlúù, àwọ̀ ilẹ̀ àti àwọ̀ eérú pọ̀ mọ́ra, bí epo tó dà sójú omi. Tèmi dúdú látòkè délẹ̀.

Mo kọ̀wé sí ilé àkójọ ìwé Colt. Wọ́n ń gbowó, àmọ́ wọ́n á sọ ọjọ́ tí ìbọn kúrò nílé iṣẹ́, ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí, gígùn ọ̀pá àti àwọ̀ rẹ̀. Èsì dé: ínǹṣì méje àtààbọ̀, níkẹ́ẹ̀lì tó funfun bíi fàdákà, kì í ṣe dúdú. (Ìjọba fúnra rẹ̀ gé àwọn kan kù sí márùn-ún àtààbọ̀ fún ọmọ ogun ní àwọn ọdún 1890, ìyẹn ò burú. Ṣùgbọ́n ti níkẹ́ẹ̀lì kọ́.) Mo tà á ní $1,900, mo sì sọ gbogbo àbùkù rẹ̀ fún ẹni tó rà á. Ọlọ́jà àkọ́kọ́ ní òun ò mọ̀. Bóyá lóòótọ́ ni.

Remington mi kò dán. Ní Tulsa, Oklahoma, ní ọjà ìbọn ńlá tó ń wáyé lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ni mo ti rà á ní $1,300. Ara rẹ̀ pọ́n bí obì gbígbẹ, ìpẹtà ti jẹ ẹnu rẹ̀ díẹ̀. Nọ́ńbà kan wà lábẹ́ ọ̀pá, níbi tí irin ìtẹta bò, òmíràn wà lára irin ìdìmú lábẹ́ pákó apá òsì. Ọlọ́jà fúnra rẹ̀ ló yá mi ní ohun tí mo fi tú pákó náà. Méjèèjì bára mu, ìyẹn ni pé ọ̀pá àti ìdìmú jọ wá ni. Kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, kò sì sí lẹ́tà tí mo ń dúró dè. Irú ìbọn yìí ni Buffalo Bill Cody, ọdẹ àti eléré olókìkí ayé kọ́bọ́ì, lò. Tiẹ̀ lé ní $200,000 ní gbàǹjo ní 2012, àmọ́ ìyẹn ò kàn wá.

Ẹ̀sùn tó wà lórí Remington ni ti Ítálì. Ilé iṣẹ́ Uberti àti Pietta ń rọ irú rẹ̀ ní agbègbè Brescia níbẹ̀ títí dòní, iṣẹ́ wọn sì dáa. Àwọn oníjìbìtì ló ń fi fáìlì yọ òǹtẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n á fi ásíìdì sọ ọ́ di àgbà. Ẹ wá òǹtẹ̀ Ítálì lára irin, ìyẹn lẹ́tà méjì nínú igun mẹ́rin kékeré, tàbí ibi tí irin ti rì níbi tí wọ́n ti yọ ọ́. Wọ́n ń ṣe Colt náà bẹ́ẹ̀.

Títà padà: Colt yá jù.

Méjèèjì ló dáa, mi ò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ní $5,000 sókè, tó lè dúró de lẹ́tà kó tó sanwó, tó sì ní àgbà kan tí yóò bá a fi èékánná wò ó, kó ra Colt. Ẹni tí kò bá ní gbogbo ìyẹn, kó bá Remington lọ. Bí ẹ bá sì rí èyí tí òǹtẹ̀ olùyẹ̀wò ológun ṣì hàn lára pákó apá òsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ta mí lólobó kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.