Ìsọ̀ Olú Kan ní Ọjà Kútọ̀ tí Mo Fọkàn Tán fún Ẹsẹ̀ Adìẹ

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ra olú igbó ní Abẹ́òkúta, pàápàá irú èyí tó ń hù lórí igi tó ti jẹrà, ìsọ̀ tí mo lè júwe fún un láìṣiyèméjì ni ti ìyá kan tó ń pàtẹ ní ìlà àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ ní ọjà Kútọ̀. Kì í ṣe pé ọjà rẹ̀ pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, kò sì dínwó jù wọ́n lọ. Ohun tó mú kí n fọkàn tán an ni pé kì í já olú kúrò lára igi pátápátá. Gbogbo olú tútù tó bá kó wá sọ́jà ni èèpo igi díẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, ó sì lè sọ fún yín bóyá ara igi mọ́ńgòrò ni ó ti ká a, tàbí ara igi rọ́bà, tàbí ara ìtì arère tí àwọn agégi fi sílẹ̀ sóko. Ìdajì ohun tí a fi ń dá olú orí igi mọ̀ wà ní ibi tó ti hù. Ẹni tó bá gé e, tó fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní kó tó tà á, ti gba ìdajì náà lọ́wọ́ oníbàárà.

Èyí tó pọ̀ jù lórí àtẹ rẹ̀ ni ẹsẹ̀ adìẹ, tútù àti gbígbẹ. Olú kékeré ni, tí kì í sábà fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 4 lọ, tí kò sì ní ọ̀pá gidi. Ẹ̀gbẹ́ kan ni ó fi lẹ̀ mọ́ igi, tí ìyókù rẹ̀ á sì tẹ́ síta bí abẹ̀bẹ̀. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é ni Schizophyllum commune, Elias Fries, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ni ó sì fún un ní orúkọ náà ní ọdún 1815. Kò sí ilẹ̀ ńlá kan láyé tí a kì í ti í rí i àfi Antarctica, nítorí náà kò yani lẹ́nu pé ó máa ń bo igi tó wó nínú oko wa bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá náà tún máa ń ní olú rírọ̀ tí kò ní awẹ́ (ìyẹn àwọn ìlà pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń tò sábẹ́ olú) kankan, èyí tí wọ́n ń pè ní Auricularia, àti Lentinus squarrosulus, olú funfun tí ìpẹ́ wẹ́wẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, tó dùn nígbà tó bá ṣì kéré, tó sì máa ń yi bó bá ti dàgbà. Àwọn wọ̀nyí kì í pọ̀ lórí àtẹ, wọ́n sì máa ń tètè tán.

Ọ̀nà tó ń gbà fi ẹsẹ̀ adìẹ han oníbàárà gan-an ni mo ń yìn. Yóò mú ẹyọ kan, yóò yí i padà kí abẹ́ rẹ̀ lè kọjú sókè sí oòrùn, yóò sì fi orí èékánná tẹ ọ̀kan nínú àwọn awẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó tò síbẹ̀. Ẹ ó rí i pé etí awẹ́ náà là sí méjì ní gígùn, láti etí olú títí dé ìdí rẹ̀. Ẹ̀yìn olú náà funfun tàbí kó ní àwọ̀ eérú, irun wẹ́wẹ́ sì bò ó. Awẹ́ abẹ́ rẹ̀ lè fẹ́ pọ́n díẹ̀. Awẹ́ tó là yìí ni ẹ̀rí tó lágbára jù lọ, nítorí àwọn olú kéékèèké mìíràn tó jọ ọ́ lórí igi kì í ní i. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì awẹ́ náà á ká síta láti dáàbò bo ibi tí lẹ́búlẹ́bú tí olú fi ń bí ọmọ ti ń jáde. Bí omi bá tún kàn án, wọ́n á padà sí ipò wọn. Nítorí èyí ni ìyá náà ṣe máa ń gbé abọ́ omi kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ. Bí ẹni tó fẹ́ ra gbígbẹ bá ń ṣiyèméjì, á sọ ẹyọ méjì mẹ́ta sínú omi, á sì ní kí ó lọ ra ìyókù ọjà rẹ̀ kó tó padà wá wò ó. Olú tó ti ká kò tẹ́lẹ̀ á ti máa ṣí nígbà náà, awẹ́ tó là á sì hàn kedere.

Olú tó lè ṣi ènìyàn lọ́nà jù ni irú tí wọ́n ń pè ní Crepidotus. Òun náà kéré, òun náà kì í sábà ní ọ̀pá, orí igi jíjẹrà ni òun náà ń hù, ó sì lè funfun bí ẹ bá wò ó láti òkè. Kì í ṣe olú jíjẹ. Awẹ́ tirẹ̀ kì í là, lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ sì ní àwọ̀ ilẹ̀, nígbà tí ti ẹsẹ̀ adìẹ jẹ́ funfun tàbí funfun tó fẹ́ pọ́n díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí ó dá òun lójú lè dojú olú tútù dé ìwé tí ìdajì rẹ̀ funfun tí ìdajì rẹ̀ sì dúdú, kó fi abọ́ bò ó mọ́jú, kó sì wo àwọ̀ ohun tó jábọ́ sórí ìwé náà ní òwúrọ̀. Mo máa ń ṣe àyẹ̀wò yìí fún olú tí mo bá rà, èyí tí mo rà ní ìsọ̀ yìí kò sì tíì yàtọ̀ sí ohun tí ìyá náà sọ pé ó jẹ́.

Ní ọjọ́ kan tí mo wà níbẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé olú funfun kún inú garawa wá pé kí ìyá náà bá òun rà á. Gbogbo rẹ̀ ni ó ti gé mọ́ ìdí. Ìyá náà yí díẹ̀ padà, ó gbóòórùn wọn, ó sì bi í pé:

"Ọmọ mi, ara igi wo lo ti ká a?"

"Igi kan tó ti wó tipẹ́ ni, mà. Ó wà lẹ́yìn ilé, níbi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí."

"Igi wo ni mo ní?"

"N ò mọ̀ ọ́n, mà."

"Máa gbé e lọ nígbà náà. Ohun tí mi ò mọ ibi tó ti wá, mi ò lè tà á fún ọmọ ọlọ́mọ."

Ọmọkùnrin náà bẹ̀ ẹ́, ó tilẹ̀ dín owó rẹ̀ kù sí ìdajì, ṣùgbọ́n ìyá náà kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ohun tó ṣe yẹn bá ìmọ̀ mu ní ọ̀nà méjì, nítorí yàtọ̀ sí pé kò mọ irú olú náà, olú a máa fa òjé àti àwọn irin olóró mìíràn láti ibi tó ti hù, fífọ̀ àti sísè kì í sì í mú wọn kúrò tán. Olú tó hù ní ààtàn kò yẹ kó wọ ìkòkò ẹnikẹ́ni, bó ti wù kó dára lójú tó.

Kì í tún fi ìgbàgbọ́ tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ta ọjà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé olú tó bá hù lórí igi kì í pani, pé èyí tí ìgbín tàbí kòkòrò bá ti jẹ kò léwu, tàbí pé bí a bá se olú pọ̀ mọ́ àlùbọ́sà tí àlùbọ́sà kò sì dúdú, a lè jẹ ẹ́. Kò sí òtítọ́ kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìgbín lè jẹ olú tó ń pa ènìyàn kó má ṣe é ní nǹkan kan. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, olú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Galerina marginata ń hù lórí igi jíjẹrà, májèlé amatoxin tó wà nínú rẹ̀ sì wà nínú Amanita phalloides, olú mìíràn tó ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Iná kì í ba májèlé náà jẹ́. Ẹni tó jẹ ẹ́ lè wà láìmọ nǹkan kan lára fún wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí èébì àti ìgbẹ́ gbuuru tó bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò sì ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ilẹ̀ tútù ni olú yẹn ń gbé, kì í ṣe ohun tí ẹ ó bá pàdé ní Kútọ̀, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé "orí igi ló ti hù" nìkan kò tó láti fi dá olú láre.

Mo rí àwọn oníbàárà tó ń fi fóònù ya olú ìyá náà kí áàpù lè dárúkọ rẹ̀ fún wọn. Kò burú bí wọ́n bá fi bẹ̀rẹ̀ ìwádìí, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn olú nìkan ni ọ̀pọ̀ wọn ń yà. Fóònù kò lè rí awẹ́ tí a kò fi hàn án, kò sì lè gbóòórùn. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ ya ẹ̀yìn, ẹ ya abẹ́, ẹ ya ìdí pẹ̀lú èèpo igi tó lẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ má sì torí orúkọ tó bá gbé jáde gbé ìkòkò kaná.

Ìsọ̀ náà ní àléébù tirẹ̀. Gbígbẹ tó wà nísàlẹ̀ àpò máa ń rún, èérún igi àti iyanrìn sì máa ń wà nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ ní kí ó bù fún yín láti òkè. Kì í kọ oṣù tó ká olú sára ọ̀rá, bẹ́ẹ̀ ni olú gbígbẹ tí òjò ọdún tó kọjá mú jáde kì í dùn tó ti ọdún yìí. Èyí tó dùn mí jù ni pé bí ìyá náà kò bá sí ní ìsọ̀, ọmọbìnrin tó ń bá a jókòó ti ọjà kò mọ ìyàtọ̀ láàárín olú kan àti èkejì. Tí ẹ bá bá òun nìkan níbẹ̀, ẹ̀fọ́ ni kí ẹ rà lọ́jọ́ náà.

Ní ti jíjẹ, ẹsẹ̀ adìẹ yi díẹ̀. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣàn án dáadáa kí iyanrìn lè kúrò, ẹ bọ̀ ọ́ kó rọ̀ kí ẹ tó dà á sínú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ẹ má sì jẹ ẹ́ ní tútù. Àwọn tí ara wọn kò lókun tó láti bá àrùn jà kò gbọdọ̀ máa fa lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ símú, nítorí ó ti fa àrùn ẹ̀dọ̀fóró àti ti ihò imú fún irú wọn rí. Òwúrọ̀ kùtùkùtù, lẹ́yìn òjò alẹ́, ni ó dára jù láti lọ síbẹ̀, torí kí oòrùn tó mú, èyí tí èèpo igi wà lára rẹ̀ á ti tán.