PISA tàbí WAEC: èwo ló ń fi làákàyè ọmọ hàn?
Àwọn òbí l'Adó-Èkìtì máa ń bi àwa olùkọ́ léèrè èyí. WAEC ń béèrè ohun tí a kọ́ ọmọ. PISA, ìdánwò tí OECD, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń fọwọ́ sowọ́ pọ̀ lórí ọrọ̀ ajé, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2000, ń wo bí ọmọ ọdún 15 ṣe ń lò ó. Lọ́dún 2012, wọ́n gbé ẹ̀rọ amúlétutù tí kò ní àlàyé síwájú wọn lórí kọ̀ǹpútà: kí ọmọ máa sún bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan títí yóò fi mọ èyí tó ń yí ooru padà, èyí tó ń yí ọ̀rinrin padà. Ìyẹn wù mí gan-an! Àmọ́ ó gba kọ̀ǹpútà àti iná tí kì í ṣẹ́jú, kò sì sí ìwé ẹ̀rí fún ọmọ kankan. Ewu ti WAEC ni àkọ́sórí.

Ọmọ tó ń lọ yunifásítì, WAEC ni kó dojú kọ. Ìjọba tó fẹ́ mọ ibi tí ìkọ́ni ti mẹ́hẹ, irú PISA ló bá a mu.