Ẹ̀rọ kékeré tí ń ka kóòdù ọkọ̀: bí mo ṣe lò ó fún P1300

Toyota Corolla ọdún 2003 tó ní ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE ni mo ń wà láti Bódìjà lọ sí ibi iṣẹ́ mi ní Challenge. Lásìkò òjò tó kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nígbàkúùgbà tí mo bá dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, kò lágbára mọ́ láti gun òkè Mọ́kọ́lá, iná check engine sì tàn. Mẹkáníìkì tí mo gbé e lọ bá rí kóòdù P1300, ìyẹn nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ fi ń sọ àléébù, ó sì sọ lójú ẹsẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n, kọ́ìlì yín ti kú, ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ rẹ̀." Kọ́ìlì ló ń dá iná sí púlọ́ọ̀gì tó ń tan epo nínú sílíńdà, sílíńdà kọ̀ọ̀kan ló sì ní tirẹ̀. Mo ra kọ́ìlì tòkunbọ̀ ní Gate ní náírà 18,000, mo san owó iṣẹ́, ọkọ̀ sì dára fún ọjọ́ méjì péré kí gbígbọ̀n náà tó padà. Ohun tó mú mi ra ẹ̀rọ yìí nìyẹn.

Kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, lápá ibi tí awakọ̀ ń gbé ẹsẹ̀ sí, ni ihò tí mo ń kì í bọ̀ wà, Bluetooth ló sì fi ń bá fóònù sọ̀rọ̀. Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ló ní ihò náà, nítorí náà ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tí à ń wà ní Ìbàdàn ló lè lò ó. ELM327 ni wọ́n kọ sí i lára. Ilé iṣẹ́ Elm Electronics ti Kánádà, tó ti kógbá sílé ní ọdún 2022, ló ni orúkọ yẹn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àdàkọ ló kún ọjà, n kò sì rò pé náírà 9,000 tí mo san lè ra ojúlówó.

Ó ka kóòdù náà láìṣe àṣìṣe, ṣùgbọ́n áàpù ọ̀fẹ́ tí mo lò kò túmọ̀ rẹ̀. Kóòdù tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú P0 ní ìtumọ̀ kan náà lára gbogbo ọkọ̀, nígbà tó jẹ́ pé ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ló ń fún P1 ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Ìwé àtúnṣe Toyota ni mo lọ yẹ̀ wò. Brain box, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, a máa fi àmì kan tí wọ́n ń pè ní IGT rán kọ́ìlì níṣẹ́ pé kó dá iná sí púlọ́ọ̀gì. Bí kọ́ìlì bá ti ṣe é, yóò dá àmì mìíràn, IGF, padà pé òun ti jẹ́ iṣẹ́ náà. Bí brain box bá ń rán IGT léraléra tí kò sì gbọ́ IGF láti kọ́ìlì sílíńdà kìíní, yóò kọ P1300 sílẹ̀. Kóòdù náà kò sọ níbì kankan pé kọ́ìlì bàjẹ́. Èsì tí kò dé ló ń ròyìn, èyí sì lè jẹ́ nítorí kọ́ìlì, wáyà, sọ́kẹ́ẹ̀tì tó dípẹtà, tàbí brain box fúnra rẹ̀.

Ibi tí ẹ̀rọ náà ti wúlò fún mi jù lọ ni pé mo lè pa kóòdù rẹ́ kí n sì tún un kà nígbà tó bá wù mí, láìsan owó fún ẹnikẹ́ni. Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo fi kọ́ìlì kìíní sí ipò ìkejì, mo fi ìkejì sí ipò ìkíní, mo pa kóòdù rẹ́, mo sì wa ọkọ̀ dé Yunifásítì Ìbàdàn kí n tó padà. Bó bá jẹ́ pé kọ́ìlì ló níṣòro, P1305 ti sílíńdà kejì ló yẹ kí n rí. P1300 náà ló tún jáde. Àárín ìdajì wákàtí ni mo fi mọ̀ pé kọ́ìlì kò jẹ̀bi.

Láti ibẹ̀, ẹ̀rọ náà kò lè ràn mí lọ́wọ́ mọ́, nítorí kò lè wo inú wáyà. Mo pe riwáyà kan, ẹni tó ń tún wáyà iná ọkọ̀ ṣe, tó ní mítà. Ó bá volt 12 lójú wáyà iná, wáyà ilẹ̀ pé, volt 5 sì wà lójú wáyà IGF. Nígbà tó wọn wáyà IGT láti ìdí brain box dé sọ́kẹ́ẹ̀tì, tó sì rọra ń mi wáyà náà, mítà ń dáhùn, ó sì ń dákẹ́. Ooru ẹ́ńjìnnì ti mú un gan, ó sì ti já nínú láìjẹ́ pé awọ ara rẹ̀ ya. Ó gé e, ó jó o pọ̀, ó gba náírà 4,000. Ó ti pé oṣù márùn-ún báyìí, kóòdù náà kò padà.

Bí ẹ bá fẹ́ ra irú rẹ̀, ẹ mọ̀ pé ti ẹ́ńjìnnì nìkan ni tèmi ń kà, kò mọ nǹkan kan nípa iná ABS (ti bíréèkì) tàbí ti airbag. Ẹ kọ kóòdù sílẹ̀ kí ẹ tó pa á rẹ́, nítorí ohun tí brain box tọ́jú nípa ìgbà tí àléébù náà ṣẹlẹ̀ yóò bá a lọ. Ẹ má sì fi í sílẹ̀ nínú ihò mọ́jú. Ó ń fa bátìrì.

Ohun tó dùn mí jù ni kọ́ìlì àtijọ́ tí mẹkáníìkì yọ. Mo fi í sí sílíńdà kẹta láti dán an wò, mo sì fi wa ọkọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Kò sí kóòdù kankan.