POS Alábọ́tìnnì, POS Android àbí Bébà QR: Èwo Ló Yẹ Kí Oníṣọ́ọ̀bù Rà?

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń tajà ní Kubwa, Nyanya àti Wuse, kí ẹ tó béèrè iye tí wọ́n ń ta ẹ̀rọ ìgbowó, ẹ kọ́kọ́ béèrè èyí: tí oníbàárà bá sanwó, ta ni yóò mọ̀ pé owó ti wọlé? Ẹ̀yin ni, àbí ọmọ tó ń bá yín tajà?

Fóònù tèmi ni áléètì ń wọ̀ tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí mo lọ sí Mararaba, ọkùnrin kan na fóònù rẹ̀ sójú ọmọ tó ń bá mi tajà, ó ní òun ti sanwó, ó sì gbé páálí mílíìkì méjì lọ. Owó kankan ò wọlé. Ó dùn mí dé egungun.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn POS alábọ́tìnnì. Ọ̀pọ̀ POS tuntun ló ní nọ́ńbà àkáǹtì tirẹ̀: bí owó bá ti wọ̀ ọ́, ẹ̀rọ náà á dún, á tẹ rìsíìtì jáde lójú ọmọ. Oníbàárà tó ń lo fóònù tọ́ọ̀ṣì náà lè fi USSD, ìyẹn kóòdù tí wọ́n ń tẹ̀ lórí fóònù láìlo dátà, san án. Bátìrì POS yìí sì máa ń pẹ́, iná wa kúkú nìyí.

POS Android, èyí tó ní ojú bíi ti fóònù tí à ń fọwọ́ tẹ̀, wọ́n jù ú lọ, ó sì ń jẹ bátìrì, ṣùgbọ́n ó lè tọ́jú orúkọ ọjà àti iye rẹ̀. Ilé oògùn tàbí ṣọ́ọ̀bù ńlá ni mo máa ní kó rà á.

Ní ti káàdì tí wọ́n kàn ń fi kan ẹ̀rọ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tan yín pé Android nìkan ló ń gbà á. Ẹ wá àmì ìlà mẹ́rin tó tẹ̀ kọrọdọ lára ẹ̀rọ. Lọ́dún 2023, CBN fi ₦15,000 ṣe òdiwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láìtẹ PIN, àti ₦50,000 lójúmọ́.

Bébà QR, ìyẹn bébà alámì tí oníbàárà máa ń fi fóònù yà láti sanwó, ló rọrùn jù. NIBSS, ilé iṣẹ́ tó so àwọn báńkì Nàìjíríà pọ̀, gbé NQR, ètò QR ti Nàìjíríà, jáde ní 2021. Àmọ́ oníbàárà gbọ́dọ̀ ní dátà, àwọn tó sì ń ya tèmi tó wà lára ògiri ò pọ̀. Ẹ fi kún POS ni, ẹ má fi rọ́pò rẹ̀.

Ẹ béèrè bóyá ẹ̀rọ náà ń gba SIM méjì. Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé e dé ìdí kántà yín gan-an, ẹ fi ₦100 dán an wò, kí ẹ sì dúró títí rìsíìtì á fi jáde.