Camry 2012 tó ti rin 150,000 máìlì: ìdí tí mo fi mú un, tí mo fi èyí tí ò rìn tó o sílẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bi mí pé báwo ni Camry yẹn ṣe ń ṣe, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà ká lè sinmi. Mọ́tò náà dáa gan-an. Toyota Camry 2012 ni, ẹ́ńjìnì 2.5 onísìlíńdà mẹ́rin, gíà ọ̀tọmátíìkì, ó ti rin 150,000 máìlì àti díẹ̀ kó tó bọ́ sọ́wọ́ mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi kìlómítà kà á, ìyẹn lé ní 240,000. Bí mo bá ti pe iye yẹn báyìí lojú àwọn èèyàn á ti yí padà, háà, mọ́tò tó ti fẹ́ẹ̀ kú lo lọ rà yẹn, wọn ò sì ní bèèrè nǹkan míì mọ́. Èyí tí mo fi sílẹ̀ (mi ò ní dárúkọ irú ẹ̀) ohun tó fi díẹ̀ lé ní ìdajì ìyẹn ló rìn, ọjọ́ orí àwọn méjèèjì ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra, ọ̀dà ara ẹ̀ ń dán ju tèmi lọ, wọ́n sì ti fọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹ̀ títí tí kò fi sí ẹ̀kán ọ́ìlì kankan níbẹ̀. Ìyẹn gan-an ló kọ́kọ́ fu mí lára, torí ẹ́ńjìnì tó bá ń jò, ibi tó ti ń jò lèèyàn fẹ́ rí, tí wọ́n bá ti fọ̀ ọ́ nù tán kí lẹ wá fẹ́ wò?

Ohun tó mú mi ra Camry ni fáìlì. Ẹni tó ń tà á na ọwọ́ sínú àpótí kékeré iwájú ọkọ̀, ó fa fáìlì búlúù kan yọ tí etí ẹ̀ ti ya, rìsíìtì kún inú ẹ̀ dẹ́nu. Mo jókòó sí sítù awakọ̀ mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin náà ò kánjú, ó tiẹ̀ ń rántí àwọn míì bí mo ṣe ń ṣí wọn. Ẹ jẹ́ n sọ bí mo ṣe ń ka rìsíìtì: déètì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, máíléèjì tí mọ́tò wà lọ́jọ́ náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ohun tí wọ́n ṣe gan-an náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Èyí tó bá kàn kọ "sáfíìsì" tó dákẹ́, ìwé tí wọ́n fi ń di ẹ̀pà ni.

Èyí tó wà nínú fáìlì yìí sọ̀rọ̀. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì 0W-20 pẹ̀lú fílítà, wọ́n ń pa á dà láàárín 5,000 sí 7,000 máìlì, bẹ́ẹ̀ Toyota fúnra wọn ní tó bá ti jẹ́ 0W-20 síńtẹ́tíìkì èèyàn lè mú un dé 10,000. Omi rédíétọ̀, èyí tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, ìwé ọkọ̀ ní kí wọ́n kọ́kọ́ pa á dà ní 100,000 máìlì, lẹ́yìn ìyẹn kó máa jẹ́ 50,000 sí 50,000, mo sì rí rìsíìtì méjèèjì. Púlọ́ọ̀gì tó ń dáná sí bẹntiróòlù náà, onírin iridium ni, 120,000 máìlì ni wọ́n ń pa á dà, ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó mú mi jókòó dáadáa ni ọ́ìlì gíà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé ọ́ìlì gíà irú mọ́tò yìí ò ní pípààrọ̀ títí ayé, Toyota ò tiẹ̀ fi ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì sára gíà yẹn rárá, kò sí bí ẹni tó ń wà á ṣe máa yọjú wò ó àfi tí wọ́n bá gbé mọ́tò sókè. Ọkùnrin yìí ti pa á dà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹni tó bá ń pa ọ́ìlì tí kò fojú rí dà, tí ẹnikẹ́ni ò sì rán an níṣẹ́, kí lẹ rò pé ó máa ṣe sí èyí tó ń rí?

Ohun míì tún wà nínú fáìlì yẹn tí ọ̀pọ̀ kì í ro, òun sì ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú dání jù. Nọ́ńbà máíléèjì tó wà lórí rìsíìtì kọ̀ọ̀kan ń gòkè bọ̀ látorí èyí tó pẹ́ jù dórí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wáyé, kò sí ibi tó ti fò, kò sí ibi tó ti padà sẹ́yìn, ó sì bá ohun tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù mu. Ẹ ò rí i pé rìsíìtì yẹn náà ló wá jẹ́rìí sí máíléèjì fúnra ẹ̀. Àwa máa ń sọ ọ́ bíi pé máíléèjì ni òótọ́ tó dájú, tí ìwé ìtọ́jú wá jẹ́ àfikún, àmọ́ nọ́ńbà ojú dáṣíbọ́ọ̀dù yẹn, èèyàn lè fa á wálẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré kí kọfí ẹ̀ tó tutù. NHTSA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ààbò ojú ọ̀nà, ní mọ́tò tó lé ní 450,000 ni wọ́n ń tà lọ́dọọdún lọ́hùn-ún pẹ̀lú máíléèjì irọ́. Lọ́hùn-ún tí òfin ti múlẹ̀ nìyẹn o. Torí náà tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé mọ́tò òun ò rìn púpọ̀, tí kò sì ní ìwé kankan, ohun tó ní lọ́wọ́ ò ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ.

Ẹ wá wo èyí tí mo fi sílẹ̀. Ẹni tó ń tà á ní màmá àgbà kan ló ń lò ó, ọjọ́ ìsinmi nìkan ni wọ́n ń gbé e jáde. Gbogbo àwọn màmá àgbà yìí, mi ò mọ ìgbà tí wọ́n ń ra gbogbo mọ́tò tán láyé. Mo tẹ̀ síwájú, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn awakọ̀, mo fi tọ́ọ̀ṣì wo ìsàlẹ̀. Rọ́bà bíréèkì, èyí tí ẹsẹ̀ máa ń tẹ̀, tuntun ni, ó dúdú kirikiri, ìlà ojú ẹ̀ ṣì mú. Ṣùgbọ́n kápẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ ẹ̀, níbi tí gìgísẹ̀ máa ń dúró lé, ti jẹ títí dé fóòmù. Ta ló ń pa rọ́bà bíréèkì dà lára mọ́tò tí ò rìn? Awọ ọwọ́ ọkọ̀ (sítíárìnì) náà ti dán lápá òsì níbi tí èèyàn máa ń dì mú tó bá ń rìnrìn àjò, ẹ̀gbẹ́ sítù tí èèyàn máa ń fi ìdí gbá tó bá ń wọlé ti wó. Mo bèèrè ìwé, wọ́n ní ó ti sọnù nígbà tí wọ́n ń kó lọ sílé tuntun.

Mẹkáníìkì mi sì ki sìkánà bọ̀ ọ́, ojú ihò OBD2 tí wọ́n fi ń ka kọ̀ǹpútà mọ́tò yẹn ti pọn dandan lára gbogbo mọ́tò tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà láti 1996, ẹ lè rí i nísàlẹ̀ ọwọ́ ọkọ̀ lára èyí tó pọ̀ jù. Iná wíwo ẹ́ńjìnì ò tàn, kò sí kóòdù àléébù kankan, gbogbo ẹ̀ mọ́ tónítóní. Lójú ẹni tí ò mọ̀ ìròyìn ayọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà mọ́tò máa ń ṣe àyẹ̀wò ara ẹ̀ fúnra ẹ̀, ó sì máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ti parí àyẹ̀wò yìí, òun ti parí tọ̀hún, tí wọ́n bá wá pa kóòdù rẹ́ tàbí tí wọ́n tú bátìrì, gbogbo ẹ̀ á padà sí "kò tíì ṣetán" títí èèyàn á fi wà á lọ wà á bọ̀ dáadáa. Ti mọ́tò yẹn ò tíì ṣetán, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀gbẹ́ni náà ní bátìrì làwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀. Ó lè jẹ́ òótọ́ o, bátìrì náà rí bíi tuntun lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí rọ́bà bíréèkì tuntun, bátìrì tuntun, ìwé sọnù, bọ́nẹ́ẹ̀tì fífọ̀, gbogbo ẹ̀ bá pàdé lára mọ́tò kan ṣoṣo, èmi ti kó kọ́kọ́rọ́ padà fún wọn.

Ká tiẹ̀ wá ní òótọ́ ni pé kò rìn. Mọ́tò tó jẹ́ pé ilé sí ṣọ́ọ̀bù, ṣọ́ọ̀bù sílé ló ń rìn, ẹ́ńjìnì ẹ̀ kì í gbóná débi tó yẹ kí wọ́n tó tún pa á. Omi tó ń jáde látinú jíjó bẹntiróòlù á máa dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì, bẹntiróòlù tí kò jó tán náà á máa sọ̀ sí i, tí wọ́n bá wá ń wo máíléèjì nìkan kí wọ́n tó pa ọ́ìlì dà, ọdún á kọjá lórí ọ́ìlì yẹn, á di ẹrẹ̀ dúdú tó ń dí ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà. Èyí tó ń sáré lọ lójú ọ̀nà márosẹ̀ fún wákàtí gbọọrọ, ó gbóná dáadáa, gíà ẹ̀ ò pààrọ̀ lemọ́lemọ́, bíréèkì ẹ̀ sinmi. Máìlì kan ò jọ máìlì kejì rárá. Rọ́bà ò sì mọ̀ bóyá mọ́tò rìn àbí kò rìn, ó kàn ń gbó lọ ni. Ọ́ìlì bíréèkì ń fa omi látinú afẹ́fẹ́ bí mọ́tò tiẹ̀ dúró sójú kan. Táyà náà ńkọ́, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn lẹ́tà DOT lára ẹ̀, tí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é, ojú ẹ̀ lè ga kó ti gbó pátápátá.

Èyí tó burú jù ni táímíìn bẹ́líìtì, bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnì tó ń jẹ́ kí fáàfù àti písítíìnì máa bára wọn rìn lásìkò. Àwọn tó ṣe mọ́tò máa ń fún un ní iye máìlì àti iye ọdún, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ pé ni. Ẹni tó ra mọ́tò ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí ò rìn púpọ̀, tí ò sì sí ìwé pé wọ́n ti pa bẹ́líìtì yẹn dà rí, ó ń wa bẹ́líìtì tí ọdún ẹ̀ ti pé láìmọ̀, lára ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì tó bá já, fáàfù á lọ lu písítíìnì, ó tán. Camry tèmi yìí, ṣéènì ló lò, kò sí ọ̀rọ̀ bẹ́líìtì yẹn níbẹ̀, ó wà lára ohun tó jẹ́ kí n lè gba máíléèjì ńlá bẹ́ẹ̀ láìṣẹ́jú.

Àmọ́ ẹ má wá ṣì mí gbọ́ pé máíléèjì ò já mọ́ nǹkan kan. Rìsíìtì ò lè sọ irin tó ti jẹ di tuntun. Ṣọ́ọ̀kì iwájú ti rẹ̀ nígbà tí mo gbà á, tó bá bọ́ sí kòtò ẹ máa mọ̀, mo ti pa méjèèjì dà, iṣẹ́ 150,000 máìlì nìyẹn, kò sí mọ́tò tó máa rìn tó bẹ́ẹ̀ tí ṣọ́ọ̀kì ẹ̀ á ṣì le koko. Bọ́ṣì, bíárìnì ẹsẹ̀, rọ́bà tó gbé ẹ́ńjìnì dúró, gbogbo wọn lẹ gbọ́dọ̀ fi sínú ìṣirò kẹ́ ẹ tó dunadúrà, kí owó tí wọ́n máa gbà kúrò lórí mọ́tò. Bákan náà, fáìlì tó nípọn lè tàn èèyàn: tó bá jẹ́ ọ́ìlì ẹ́ńjìnì nìkan ló wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, tí kò sí gíà, kò sí omi rédíétọ̀, kò sí bíréèkì, ìtọ́jú ìdajì nìyẹn. Àlàfo kékeré láàárín kò dẹ́rù bà mí, ọwọ́ èèyàn lè há lọ́dún kan. Àlàfo tó bọ́ sí déédéé ibi tí iṣẹ́ ńlá yẹ kó wáyé ni mo máa ń tẹ́tí sí. Tí mọ́tò méjì ò bá ní ìwé lọ́wọ́, tí mẹkáníìkì sì yẹ àwọn méjèèjì wò tí wọ́n bára dọ́gba, ó dáa, ẹ mú èyí tí ò rìn tó èkejì, mi ò bá yín jiyàn.

Àwọn tó ń sọ pé mọ́tò tó ti rin 150,000 ti tán, ẹ lọ wo Irv Gordon, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì kan ní Amẹ́ríkà tó ra Volvo P1800 lọ́dún 1966, ó wà á títí tó fi pé mílíọ̀nù mẹ́ta máìlì lọ́dún 2013, ìwé Guinness sì kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀. Nígbà ayé ẹ̀, bí wọ́n bá bi í, ohun tó máa ń sọ ò ju pé òun ń ṣe ohun tí ìwé ọkọ̀ ní kóun ṣe lásìkò tó ní kóun ṣe é.

Bí Camry ṣe ń ṣe lọ́wọ́ mi: ó ń dáná ní àárọ̀ láìjanpata, gíà ń wọlé wẹ́rẹ́, ọ́ìlì ò dín láàárín sáfíìsì méjì, mo ń wò ó déédéé. Ẹ̀rọ amúlétutù ṣì tutù. Mo fún un ní 8 nínú 10. Mo yọ kan torí sítù awakọ̀ tó ti jó rẹ̀yìn, ìrìn àjò gígùn á jẹ́ kí ìbàdí máa kébòòsí, mo yọ ìkejì torí ike ojú iná iwájú tó ti pọ́n rúsúrúsú, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ ò jìnnà lóru, mo ti wá ẹni tó máa fi ẹ̀rọ bó o. Rìsíìtì ṣọ́ọ̀kì ti wọ inú fáìlì búlúù, tiná náà ń bọ̀.